Ẹni tí Yóò Mú Àbẹ́là Dání

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ létí mi pé Raisa ò láàánú, èmi àti onítọ̀hún máa wọ̀yá ìjà. Àánú tiẹ̀ pọ̀ jù ni, òun náà ló sì kó o sí wàhálà. Èmi Liuba ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Abúlé kan náà la ti wá, ní Moldova. Nígbà tí iṣẹ́ tán nílé, tí àwọn ọkọ wa ń fi ọtí pa ìrònú rẹ́, àwa obìnrin la dìde. A wá sí Italy, a wá ń tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn. Raisa fi ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Sanda, sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Màmá Eudochia. Ọmọ náà ò tíì mọ ìwé kà nígbà yẹn. Ìwé àṣẹ ìgbélùú ò tètè bọ́ sí i fún Raisa, kò sì lè lọ sílé kó má baà di pé wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé mọ́. Nígbà tó máa fojú kan ọmọ rẹ̀, ọmọ ti ga jù ú lọ.

Padova lèmi àti ẹ̀ wà. Bàbá aláròyé kan ni mò ń tọ́jú ní tèmi. Raisa ń tọ́jú Màmá Ortensia, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí ọmọkùnrin rẹ̀ kì í yọjú àfi tó bá di Kérésìmesì. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí o. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń fi ṣíbí bọ́ wọn, yàrá wọn là ń sùn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló jẹ́ tiwa, ọjọ́ yẹn sì ni gbogbo àwa ará Moldova máa ń kóra jọ síbi tí àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ Moldova máa ń dúró sí. A ó jẹ plăcintă, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilé wa tí wọ́n ki wàrà dídì sínú ẹ̀, a ó di ẹrù ránṣẹ́ sílé, a ó rojọ́, a ó sunkún díẹ̀, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọpọlọ Sanda pé. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì ní Bologna, tí kò jìnnà sí wa tí èèyàn bá wọkọ̀ ojú irin. Ẹ wá wo Raisa! Ó ń fi fọ́tò ọmọ han alápatà, ó ń fi han ẹni tó ń gbálẹ̀ títì. Ṣùgbọ́n tí ìyá àtọmọ bá pàdé, wọn ò mọ ohun tí wọ́n á jọ sọ. Wọ́n á jókòó bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Ó máa ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ Sanda ń bọ̀ wá ṣeré ní Padova. Wọ́n fẹ́ wo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ láwòrán, kí wọ́n yafọ́tò, kí wọ́n lá áísìkíriìmù, kí wọ́n sì padà nírọ̀lẹ́. Sanda bá wọn wọkọ̀, ó ní òun náà fẹ́ wo ìlú. Irọ́ ni. Nadejda, ará ilé kejì wọn ní abúlé, ló pè é pé Màmá Eudochia ò jẹun mọ́, pé kò ríran mọ́, pé Raisa nìkan ló ń pè. Ó fẹ́ kí Raisa wá mú àbẹ́là dání fún òun.

Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í kú láìsí iná lọ́wọ́. Tí èémí bá ti ń já, ọmọ á tan àbẹ́là, á fi í sọ́wọ́ ìyá, á sì bá a dì í mú, kí ẹ̀mí lè ríran lọ. Ẹni tó bá lọ láìsí i, inú òkùnkùn ló máa wà. Tí obìnrin méjì bá ń jà ní abúlé wa, èébú yòókù, eré ni, àmọ́ tí ọ̀kan bá ti lè sọ pé "Wàá kú láìsí àbẹ́là," àwọn méjèèjì ò ní kíra mọ́ títí ayé.

Sanda bá mi níbi tí bọ́ọ̀sì wà. "Àǹtí Liuba, ẹ káàsán. Màmá mi dà?"

"Ìwọ náà ò lè jẹun kó o sanra díẹ̀? Ìwé lò ń jẹ ní Bologna ni?" Mo gbé plăcintă lé e lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ wò ó. "Màmá ẹ ò jáde lónìí. Ara Màmá Ortensia ò yá."

"Bọ́ọ̀sì tó ń lọ lónìí ńkọ́?"

Tudor awakọ̀ gbọ́. "Aago mẹ́rin ni mò ń lọ o! Ìyá tó bí mi gan-an ò lè dá mi dúró." Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìyẹn lọ́sẹ̀ gbogbo.

A gba ilé Màmá Ortensia lọ. Fóònù Sanda ń dún lójú ọ̀nà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní kó wá lá áísìkíriìmù. Ó ní, "Ẹ máa lá tiyín," ó sì pa á.

Raisa ṣílẹ̀kùn, ojú ẹ̀ ti wú. Ó fà mí wọ inú ilé ìdáná. "Liuba, ó ń lọ. Ó ń fi ìka tu bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó tẹjú mọ́ igun àjà. Ó sì ní kí ọkọ òun tó ti kú gbé bàtà òun wá. Bàtà! Ẹni tó ń béèrè bàtà, ó ti fẹ́ máa rìn nìyẹn."

"Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní ibà ni, pé ìtọ̀ ẹ̀ ló dọ̀tí, pé tó bá lo oògùn, á dìde. Kí ni dókítà mọ̀ nípa ikú? Ṣé òun ló tẹ́ ìyá-ìyá mi sílẹ̀?"

Òótọ́ ni pé ní abúlé wa, ẹni tó bá ṣe báyẹn kì í rí ọjọ́ kejì. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Sanda sọ̀rọ̀. "Màmá, ìyá yín ń pè yín. Bọ́ọ̀sì ń lọ ní aago mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ọmọ mi, mo ti ṣèlérí fún ẹni yìí. Kò ní ẹnì kankan. Mo ní mi ò ní jẹ́ kó kú ní òun nìkan."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Ìyá mi ní Nadejda. Ó ní gbogbo abúlé. Ó máa dúró dè mí, mo mọ ìyá mi. Tí eléyìí bá ti lọ, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀..."

"Ẹ ò mọ ìyá yín!" Ohùn ọmọ náà gún mi lára. "Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ibà ń ṣe mí, ta ló jókòó tì mí? Ẹ̀yin jókòó ti ìyá ẹni ẹlẹ́ni, ẹ sì ń fi bàtà ránṣẹ́ sí mi, bàtà tí kì í bá mi lẹ́sẹ̀ mu, torí pé ẹ ò mọ bí mo ṣe tóbi tó!"

Raisa kàn ń fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Mo ní, "Raisa, gbé àbẹ́là tó o fẹ́ tàn fún Màmá Ortensia fún mi. Màá dúró tì í. Kí bàbá aláròyé mi máa kígbe títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó lọ pe ọlọ́pàá. Máa lọ!"

Ó gbà! Ẹ gbọ́ o, ó gbà. Ó wọ kóòtù, ó so gèlè mọ́rí, ó gbé báàgì. Sanda ti wà ní ìta, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó ṣí. Raisa ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí ohùn kan jáde láti yàrá, ohùn tínínrín bíi ti ọmọ ọwọ́: "Màmá! Màmá, má lọ!" Màmá Ortensia ló ń pe Raisa ní màmá.

Raisa gbé báàgì sílẹ̀. Ó bọ́ kóòtù. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ti bọ́ ọ, ó sì padà sínú yàrá.

Sanda ò sunkún. Ó ṣáà dorí kodò, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo sáré tẹ̀ lé e. Tudor tí ìyá ẹ̀ ò lè dá dúró ti dúró dè wá, ó ń bínú. Sanda jókòó ti fèrèsé pẹ̀lú báàgì kékeré tó gbé wá ṣeré, kò sí aṣọ ìpààrọ̀ kan níbẹ̀, ó sì gbé e sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Mo ní kó gbé e kúrò. Ó ní, "Ó ṣì lè wá, Àǹtí." Bọ́ọ̀sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Ortensia lajú, ó ní ebi ń pa òun. Oògùn dókítà ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí Raisa sọ fún mi lórí fóònù, ń ṣe ló ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú tó kàn, di Ọjọ́rú. Ó ní ìyá òun á dúró.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo yà lọ́dọ̀ Raisa nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì bàbá mi. Ó ń fi ṣíbí bu kọfí oníwàrà sí Màmá Ortensia lẹ́nu nígbà tí Sanda pè. Ó tẹ fóònù kí èmi náà lè gbọ́.

"Màmá, mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo tan àbẹ́là, mo fi í sí i lọ́wọ́, mo dì í mú. Ó ní, 'Raisa?' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, Raisa ni.' Ó fọwọ́ pa ọwọ́ mi títí. Ó ní, 'Irọ́ lò ń pa, Sanda. Ọwọ́ ẹ rọ̀ jù. Raisa ò tíì dé. Pa iná yẹn, kó má baà jó tán. Màá dúró dè é.'"

Raisa gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo pa á, Màmá. Ó ní kí n pa á, mo sì pa á. Mo lọ pọnmi ní kànga. Nígbà tí mo máa dé, ó ti lọ."

Mo fẹ́ di Raisa mú. Màmá Ortensia fi ìka gbá ife tó wà níwájú ẹ̀, ó ní kọfí náà korò. Raisa dìde, ó lọ gbé ṣúgà wá.