Ìgò Ọtí Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Bándélé

Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ọkọ̀ ojú omi yẹn, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo wọ̀ ọ́. Ògúnbùnmi, ọ̀rẹ́ mi, ló wọ̀ ọ́. Wẹ́dà ni. Ogójì ọdún ló fi jó irin mọ́ irin ní Old Garage, ní Òṣogbo, kó tó padà wá sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí a jọ ń gbé ládùúgbò kan náà. Ẹnu rẹ̀ mú. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ni irinṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n lò, torí iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìntì.

Òṣogbo náà ló ti fẹ́ Nọ́síràtù Àpìkẹ́, ọmọ ilé Mùsùlùmí tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Fúnmilọ́lá, èyí àbúrò, ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú Òyìnbó. Bándélé, èyí ẹ̀gbọ́n, gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà lọ́dún 2016. Ó wọ ọkọ̀ rọ́bà kan tó ń lọ sí Ítálì, ọkọ̀ náà sì dojú dé sáàárín Sísílì àti Málítà. Ẹnì kan tó yè ló fi fóònù pè wọ́n. Kò sí òkú, kò sí sàréè. Láti ìgbà náà ni Àpìkẹ́ ti ń sọ pé òun ń lá àlá rẹ̀, pé ó dúró sínú omi tó mù ún dé ọrùn, kò lọ, kò bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni Fúnmilọ́lá ní òun fẹ́ mú bàbá òun wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn aláfẹ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kó lè sinmi. Ohun kan ṣoṣo ni Ògúnbùnmi béèrè: ibo ni ọkọ̀ náà yóò gbà? Bó ṣe gbọ́ Málítà báyìí, ó ní òun yóò lọ. Ọjọ́ kejì ló wá bá mi.

“Tíṣà, mo fẹ́ lọ da ọtí fún ọmọ mi.”

Mo ní bàbá kì í ṣe òkú ọmọ nílẹ̀ wa.

“Ta ló ní mo fẹ́ ṣe òkú? Mo kàn fẹ́ sọ fún un pé a ti gbọ́. Kó kúrò nínú omi, kó máa bọ̀.”

Ní agbo ilé wọn, ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni wọ́n fi ń bá ẹni tó ti lọ sọ̀rọ̀. Àpìkẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí kì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé ọtí kọjá, ló lọ ra ìgò ṣínáàpù náà nílùú Iléṣà. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀ níṣojú mi. “Kí Ọlọ́hun foríjì mí,” ló wí. “Ẹ bá mi dà á fún un o. Ẹ má gbàgbé.” Mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí lọ́jọ́ náà.

Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá, ẹ̀rọ rí ìgò, obìnrin kan tó wọṣọ funfun sì fa ìgò jáde. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọtí wọlé, nítorí pé àwọn náà ń tà á nínú ọkọ̀. Ó so bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá wọn sí mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọn yóò gbà á padà. Fúnmilọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní àgbàlagbà ni bàbá òun, kì í ṣe torí mímu. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí, kò sì gbà. Ẹ̀rín yẹn dun Ògúnbùnmi ju ìgò lọ, torí ó ní èèyàn lè bá ẹni tó ń pariwo jà, ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i?

Ẹ wò ó, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni nínú ọkọ̀ ọ̀hún, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Orin ọ̀fẹ́, odò ìwẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọtí nìkan ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń tà á bí ẹni ń ta wúrà. Gíláàsì kan ṣoṣo, yúrò mẹ́rìnlá, wọ́n tún bu owó ẹni tó gbé e wá lé e. Ìgò odindi, àádọ́jọ yúrò. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ máa ra gíláàsì kọ̀ọ̀kan lè san yúrò márùndínlọ́gọ́ta lóòjọ́ kó máa mu bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá san án nínú yàrá, ẹnì kejì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ san án, ì báà máa mu omi lásán. Ọgbọ́n àrékérekè wo nìyí? Ọdún kan àtààbọ̀ ni Fúnmilọ́lá fi tọ́jú owó ọkọ̀ yẹn. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò fi wọ rélùwéè padà sílé tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, ni wọ́n dé ibẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri tó ń fi ibi tí ọkọ̀ dé hàn. Ògúnbùnmi kò kúrò nídìí rẹ̀ látàárọ̀. Bó ṣe rí i pé ọkọ̀ ti wọ àárín Sísílì àti Málítà, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọtí.

“Fúnmi, ra ìgò kan fún mi.”

“Bàbá mi, mi ò ní i.” Ó ti ń sunkún. “Gíláàsì kan ni agbára mi ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣe é.”

Ó gbà. Kí ni kó tún ṣe? Ife ike ni wọ́n bu ọtí jíìnì náà sí, wọ́n da yìnyín kún un, wọ́n gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu. Ó fi ìka kó yìnyín náà dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù kò kún ìdérí ìgò mẹ́ta. Ó gbé e dé etí ọkọ̀. Omi jìnnà nísàlẹ̀, ó ní ó jìn tó ilé alájà mẹ́wàá. Ó fi Ìjẹ̀ṣà tó fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré ní kékeré pè é: “Bándélé, a ti gbọ́. Máa bọ̀ l'úlé o.” Ó sì dà á.

Afẹ́fẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ padà. Ó tú u sí i láyà, sí i lójú, ó ta díẹ̀ sára obìnrin Òyìnbó kan tó ń yá oòrùn. Obìnrin náà pariwo, ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan yọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da nǹkan kan sínú òkun. Fúnmilọ́lá ń tọrọ àforíjì lọ́tùn-ún lósì. Ògúnbùnmi ń sọ ohun kan náà ṣáá: “Kò dé omi. Ẹ̀kán kan kò dé omi.” Wọ́n mú un lọ́wọ́ lọ jókòó síbi ìbòòji. Ìgbà tí wọn yóò fi fi í sílẹ̀, Málítà ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n gbé ìgò rẹ̀ fún un bó ṣe wà, wọ́n tún ní ó ṣeun. Ó ní etíkun ibẹ̀ kọ́ ni ọmọ òun wà, bí òun bá sì gbé e délé láìṣí, Àpìkẹ́ yóò mọ̀. Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì kan létíkun níbẹ̀, ó sì rìn kúrò.

Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé, “Mo dà á fún un. Ó gbọ́.” Àpìkẹ́ forí kanlẹ̀, ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sùn dáadáa. Ó ní òun kò rí i nínú omi mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo yà kí wọn. Láti ọdún tí wọ́n ti gbọ́ nípa Bándélé, ẹja kò wọ ìkòkò Àpìkẹ́ mọ́. Ta ló mọ ohun tí ẹja jẹ kí wọ́n tó pa á? Wọn kì í se é, wọn kì í jẹ ẹ́ lóde. Àfi bí Àpìkẹ́ ṣe gbé iyán kalẹ̀ fún àwa méjèèjì, pẹ̀lú ẹja Títúùsì ńlá nínú ọbẹ̀.

“Tíṣà, ẹ jẹun,” ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. “Ọmọ mi ti kúrò nínú omi. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹja.”

Mo wo Ògúnbùnmi. Kò wo ojú mi. Ó bu òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó mú orí ẹja, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Omi ń dà lójú rẹ̀. Àpìkẹ́ ń bẹ̀ ẹ́, ó ní ata ọbẹ̀ náà ló pọ̀ díẹ̀. Èmi náà jẹ tèmi.