Ọ̀já Tí Mo Fọ̀ Kí Ọmọ Tó Rìn

Ibùdókọ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀já ti wọ̀ mí lára. Ọmọbìnrin mi ti lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta nígbà náà. Mo pọ̀n ọ́n, à ń dúró de ọkọ̀ Ṣàgámù. Ọ̀já àrán tí mo rà lọ́jà ti sọ̀ títí ó fi dé ìbàdí mi, ẹsẹ̀ ọmọ ń gbá mi lórúnkún, ọwọ́ méjèèjì ni mo sì fi gbé ìdí rẹ̀ ró. Ni obìnrin kan bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọkùnrin tí yóò tó ọmọ ọdún márùn-ún ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà dúró ṣánṣán, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bó ọsàn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi ìka méjì fa etí aṣọ náà wò. Kò fà.

"Ẹ rọra o, ọmọ ló wà níbẹ̀, a kì í ta aṣọ náà," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, ìyá. Irú aṣọ wo nìyí?"

"Kíjìpá ni, aṣọ òwú tí àwọn ìyá wa ń hun nínú ilé. Ẹ̀yin náà ẹ wo tiyín, ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ ìdí."

Ó yí ẹ̀yìn sí mi kí n lè wò ó dáadáa. Aṣọ náà yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìyípo kìn-ín-ní gba abẹ́ apá ọmọ kọjá, ìkejì sì gbá gbogbo itan rẹ̀ mú, láti kọ́lọ́fín orúnkún kan dé ìkejì. Kò so ó mọ́ àyà bí tèmi, ẹ̀gbẹ́ ìhà ló so ó mọ́. Ọkọ̀ Ṣàgámù kún, ó lọ, mi ò wọ̀ ọ́.

Ọmọ mi kì í rìn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé tí ojú àti ara rẹ̀ fi pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi epo pa. Nígbà tí pípọ́n náà yóò fi lọ, dókítà ní ó ti ba ibi tó ń darí ẹsẹ̀ jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ó mọ ohùn gbogbo aládùúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní kí a wá fún un kò ṣeé tì lójú ọ̀nà wa tí àgbàrá ti gbẹ́, àwọn ọlọ́kọ̀ kì í sì í fẹ́ gbé e. Bí mi ò bá lè pọ̀n ọ́n, orí ẹní ni yóò wà, tí yóò máa gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóde.

Ìlú wa kì í rí ọmọ ńlá lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kí wọ́n dákẹ́.

"Àgbàyà! Sọ̀ kalẹ̀ kó o fẹsẹ̀ rìn!" ni ọlọ́kadà kan pariwo sí wa lọ́jọ́ kan.

Ọmọ mi gbórí sókè. "Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà yín, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn!"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọlọ́kadà náà ló rín jù. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà ilé, ó fi ẹnu kan etí mi.

"Mọ́mì, ìgbà wo ni mo máa sọ̀ kalẹ̀?"

Láti ọjọ́ Ìkẹ́nnẹ́ yẹn ni mo ti ń dán aṣọ wò. Igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ń so wọ́n mọ́. Mo máa ń gbé àpò ìrẹsì tó wúwo tó ọmọ mi sínú aṣọ náà láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ màá fi téèpù àwọn télọ̀ wọ̀n ọ́n. Ọ̀já àrán fi ìka mẹ́rin gùn ju bó ti wà láàárọ̀ lọ. Àǹkárá tí mo ṣẹ́ po ní ìṣẹ́po méjì kò fà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń di okùn, ó sì ń gé ni níhà. Mo rí àpò ìpọnmọ òkìrìkà kan tó ní ìdè oníke tó ń dún pa bí a bá tì í. Wọ́n kọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lára. Inú mi dùn sí i títí obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ ọmọ mi ní ọsibítù fi rí i. Ó ní ìjókòó rẹ̀ tín-ín-rín jù, ẹsẹ̀ ọmọ ń rọ̀ tọ̀ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí itan rẹ̀ yà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ kí egungun ìbàdí má baà yẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ orí kọ́ ni a fi ń yan ọ̀já. Láti orúnkún dé orúnkún ni a ń wọ̀n.

Kíjìpá kan sì wà nínú àpótí mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọ̀já ilé ni wọ́n ń pè é nílé ọkọ mi, mi ò mọ̀ pé kíjìpá ni títí mo fi rí ti Ìkẹ́nnẹ́; ìyá tó bí ìyá bàbá ọkọ mi ló hun ún. Gbogbo ìyàwó ilé náà ló ti fi pọnmọ. Nínú ilé yẹn, a kì í fọ̀ ọ́ títí ọmọ yóò fi rìn. Àkísà tútù ni a fi ń nù ún, inú yàrá ni a ti ń sá a. Ọjọ́ tí ọmọ bá gbẹ́sẹ̀ ni ìyá rẹ̀ tó ń fọ̀ ọ́, tí yóò sá a síwájú ilé kí ayé lè rí i, àwọn obìnrin á wá bá a yọ̀, ọ̀já á sì lọ sọ́dọ̀ ìyàwó tó kàn. Nígbà tí ọmọ mi pé ọdún méjì ni mo tì í mọ́nú àpótí, nítorí mi ò fẹ́ máa rí i.

Mo yọ ọ́ síta. Lórí igi gúáfà, kò fi ìka kan fà. Lẹ́yìn mi, ọmọ dúró gbọn-in bí ẹni tí a kàn mọ́ mi. Ó ju oṣù kan lọ tí a fi ń jáde pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì lófo. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ mọ̀: bí omi bá kàn án, ṣé yóò súnkì? Ní ọjọ́ Sátidé kan mo wọ̀n ọ́n, mo fọ̀ ọ́, mo sì sá a. Okùn ẹ̀yìnkùlé ti kún, mo bá sá a sí ti iwájú ilé. Téèpù ló gba gbogbo ọkàn mi.

Kò tíì gbẹ tí mo fi gbọ́ orin. Aládùúgbò kan ti pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù. Òun ló ṣáájú, ó ń jó bọ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó wà nínú oyún tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó mi! Ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ gbé? Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Téèpù wà lọ́rùn mi.

"Ìyá àgbà, ẹ káàbọ̀!" ni ọmọ mi ké láti orí ẹní. "Kí lẹ ń jó fún?"

Orin náà dá.

"Màámi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò súnkì ni."

Ó wo téèpù, ó wo ọ̀já, ó wá lọ jókòó ti ọmọ náà lórí ẹní. "Ọ̀já tí a bá ti fọ̀ kì í padà sẹ́yìn kan náà."

"Màámi, ẹ fi sílẹ̀ fún àǹtí," ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi bẹ̀ ẹ́. "Màá ra tèmi."

"Dákẹ́. Ṣé o fẹ́ kí ilé sọ pé lásán ni a fọ̀ ọ́? Ìwọ tó o lóyún?"

Kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á, kí ọmọ inú oyún náà má lọ rí bíi tèmi. Ó ká a ní tútù sínú ọ̀rá, wọ́n sì lọ.

Mo padà sí àrán. Kò pẹ́ tí ọmọ fi yọ́ bọ́ lẹ́yìn mi lẹ́nu ọ̀nà, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì bó. Lẹ́yìn ìyẹn, bí kì í bá ṣe ọsibítù, inú ilé ló ń wà. Ó máa ń ní kí n ṣí fèrèsé.

Ìyá ọkọ mi padà wá lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti sọ ọmọ àbúrò ọkọ mi lórúkọ. Òun nìkan ni. Ó tú kíjìpá aláwọ̀ aró kan tó ń rùn kánfọ̀ sórí àga.

"Aṣọ wo nìyí, Màámi?"

"Èyí tí mo fi pamọ́ de ọjọ́ mi. Ó ti gùn jù. Kí ni ilẹ̀ fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Mú téèpù rẹ wá."

A wọn ọmọ láti orúnkún dé orúnkún. Òun fúnra rẹ̀ ló fi sísọ́ọ̀sì gé e. Nígbàkígbà tó bá wá sílé wa, kì í lọ láìsọ pé ọmọ yìí yóò rìn. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ọ́.

"Ṣẹ́ etí rẹ̀ kó fẹ̀," ló wí, "kó o lè máa tú u. Ọmọ ń dàgbà."

Ìka mẹ́fà ni mo fi ṣẹ́ ẹ, mo rán an ní ìlọ́po méjì.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n sá ọ̀já ilé síwájú ilé àbúrò ọkọ mi. Ọmọ wọn ti rìn. Mo pọn tèmi lọ bá wọn yọ̀. Ó wo ọ̀já náà lórí okùn títí a fi wọlé, ó pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ń rìn tàgétàgé náà ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí à ń bọ̀, ó gbé orí lé èjìká mi. A yà sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín, tó máa ń yá wa ní òṣùwọ̀n rẹ̀ ní ìparí oṣù.

"Ẹja wo lẹ gbé wá lónìí?"

"Èyí tó ń sọ̀rọ̀," ni ọmọ mi dáhùn láìgbé orí sókè.

Kílò mọ́kàndínlógún. Nígbà tí a délé, mo tẹ́ ọ̀já sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wọ̀n ọ́n: láti ọjọ́ tí a ti gé e, ìdajì ìka ló fà. Mo wọn itan ọmọ, mo sì tú etí aṣọ díẹ̀ sí i. Nínú ìka mẹ́fà tí mo ṣẹ́, méjì ló kù.