Ohun Tí N Kò Kà sí Oúnjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí dókítà bá sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe jẹun mọ́ lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ni ẹ óò gbà pé ó ní kí ẹ má jẹ? Ẹ má yára dáhùn. Èmi yára dáhùn nígbà tèmi, ìdáhùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni mo jẹ́ kẹ́yìn. Mo ti kọjá àádọ́rin ọdún nígbà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lọ́fun. Ẹran ló kọ́kọ́ ń há, lẹ́yìn náà ó kan ìrẹsì. Nígbà tó yá, omi gan-an di ohun tí mo ń bẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi òwe yìí bá àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jí ẹran nínú ọbẹ̀ wí, n kò mọ̀ pé ara tèmi ni òwe náà yóò ti wá fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn.

Wọ́n là mí. Wọ́n gé ibi tí ó bàjẹ́ nínú ọ̀nà ọ̀fun mi kúrò, wọ́n fa àpòlúkù mi sókè wá sínú àyà, wọ́n sì rán an mọ́ èyí tí ó kù. Dókítà tí ó ń tọ́jú mi, obìnrin ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, fi bírò ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé fún èmi àti ìyàwó mi. Ó ní láàárín ọ̀fun àti àpòlúkù, Ọlọ́run fi nǹkan kan síbẹ̀ tí ó dà bí ìlẹ̀kùn, tí ó máa ń pa dé bí oúnjẹ bá ti wọlé tán. Ìlẹ̀kùn tèmi ti bá ibi tí wọ́n gé lọ. Bí mo bá wá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, omi kíkan tí ikùn fi ń lọ oúnjẹ yóò ṣàn padà wá sókè.

“Nítorí náà, Bàbá,” ó ní, “ẹ lo oògùn yín bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi igi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín sókè níhà orí. Ìrọ̀rí nìkan kò tó o, ṣe ni yóò ká yín níkùn kò. Ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹun mọ́ lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.”

“Bí a kò bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?” Ìyàwó mi ló béèrè.

“Omi kíkan náà á máa jó ojú ibi tí a rán, Màmá. Á di egbò, egbò á di àpá, àpá á sì fún ọ̀nà náà pa. Lóṣù mẹ́ta sí i, a ó fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun wọn. Tí kò bá jiná, àfàìmọ̀ kí a má tún wọn là.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo gbé sáyà lọ sílé. Mo ti wo ara mi nínú dígí lẹ́yìn ti àkọ́kọ́; mo rí egungun èjìká tí n kò mọ̀ pé mo ní. Ó dá mi lójú pé bí wọ́n bá tún là mí lẹ́ẹ̀kejì, n kò ní dìde. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyàwó mi mọ̀, nítorí pé láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ka oṣù.

Káfíńtà wá, ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Mo ń lo oògùn, bí agogo mẹ́fà bá sì ti lù, n kò jẹ́ fi ọwọ́ kan iyán, tàbí uyán, bí àwa ṣe ń pè é nílé. Ẹbí ń gbé iṣu wá kí mi láti Ìtapàjí, iṣu funfun tí ó ń dán bí eyín ọmọdé. Mo ń wò ó lójú, mo ń gbé ojú kúrò. Inú mi dùn sí ara mi. Mo rò pé ẹni tí ó lè gbé ojú kúrò lára iyán ní Èkìtì, kò sí òfin tí kò lè pa mọ́.

Síbẹ̀, òru kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí mo bá ti sùn fún nǹkan bíi wákàtí kan, ooru kan yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín àyà mi, bí ẹni pé wọ́n gbé ẹ̀yinná sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gun òkè. Yóò korò, yóò kan, yóò ta mí lọ́fun títí dé imú. Èmi yóò ta gìrì jókòó, èmi yóò máa wúkọ́, omi yóò máa bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Yóò kàn dìde jókòó tì mí, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa mí lẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, títí èémí mi yóò fi balẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ìjókòó, kí n má baà máa jí i.

Ó fura sí igi abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà padà, ó ní kí ó fi òmíràn kún un. Káfíńtà fi kún un. Bẹ́ẹ̀dì wá ga sókè níhà orí débi pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni a ti ń bá ara wa, bí ẹrù tí ó yọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Bàbá,” ìyàwó mi wí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, “ṣé kí n máa fi okùn dè yín mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni?”

“Ara rẹ ni kí o kọ́kọ́ dè. Ìwọ lo ṣáájú mi dé ìsàlẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jìnnà. Oṣù méjì ti ń lọ.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì náà, omi kíkan ọ̀hún kò dúró ní ọ̀fun. Ó yà sí ọ̀nà èémí. N kò lè fà sínú, n kò lè fẹ́ síta. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń pe orúkọ Jésù, mo gbọ́ tí ó ń gbá mi lẹ́yìn, ìró náà sì jìnnà sí mi bí ẹni ń gún odó ní àdúgbò kejì. Nígbà tí èémí padà, ohùn kò bá a padà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ayálégbé wa, ẹni tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ bá dókítà.

Dókítà gbọ́ àyà mi, ó wo ọ̀fun mi, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

“Bàbá, ẹ ń lo oògùn?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?”

“Bẹ́ẹ̀dì ti di òkè, Dókítà,” ni ìyàwó mi wí. “Ó kù díẹ̀ kí a máa fi àkàbà gùn ún.”

“Ṣé wọn kì í jẹun lálẹ́?”

Mo fi ìwọ̀nba ohùn tí ó kù mí kù dáhùn pé láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níwájú rẹ̀, oúnjẹ kò kan ẹnu mi rí lẹ́yìn agogo mẹ́fà.

“Òtítọ́ ni,” ìyàwó mi gbè mí lẹ́sẹ̀. “Mo jẹ́rìí sí i níwájú Ọlọ́run.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó fa ìwé kan jáde, ó ní kò sí ohun tí a kò ṣe, ó jọ pé kí a má wulẹ̀ dúró de oṣù mẹ́ta mọ́, òun yóò kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ó ti ń kọ ọ́. Ọwọ́ ìyàwó mi mú etí aṣọ mi gírígírí lábẹ́ tábìlì. Bí dókítà ti ń kọ ọ́, ó béèrè láìgbé ojú sókè:

“Oògùn alẹ́ yìí, kí ni wọ́n fi ń lò ó?”

“Gàrí ni,” ni ìyàwó mi dáhùn. “Wọ́n á ti mu gàrí díẹ̀ kí wọ́n tó lò ó.”

Bírò dúró. “Gàrí?”

“Gàrí díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà. Nígbà mìíràn, mo máa ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń gbọ́ ìròyìn, wọ́n lè jẹ gúgúrú.”

“Ní agogo mélòó?”

“Mẹ́sàn-án. Ó lè di mẹ́wàá.”

“Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ọlọ́run jẹ́rìí pé wọn kì í jẹun!”

“Wọn kì í jẹun. Gàrí ni mo ní wọ́n mu.”

Dókítà wo ìyàwó mi, ó wo èmi náà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ àlàyé, mo sì gbà pé àgbà ni ó yẹ kí ó ṣe é. Mo fi ohùn díẹ̀ náà rán an létí pé àwọn baba wa ti pín in láti ọjọ́ aláyé ti dáyé: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mo ní Yorùbá kì í sì í jẹ gàrí tí a bu omi sí, mímu là ń mu ún. Níbo ni mo wá ti rú òfin?

“Dókítà, bẹ́ẹ̀ náà ni,” ni ìyàwó mi wí. “Uyán là ń pè ní oúnjẹ ní ulé wa.”

“Bàbá,” ni dókítà wí, “ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Gàrí ni mo mu tí mo fi jáde ilé ìwé, òun ni mo mu tí mo fi di dókítà. Ṣé ebi ló wá ń pa mí láti ọjọ́ yìí, tí n kò mọ̀?”

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. “Ẹ má dá wọn lóhùn, Dókítà. Èmi tí mo ń gbin ẹ̀gẹ́, tí mo ń dín gàrí ọ̀hún nínú èéfín, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tẹ ẹ̀bà fún wọn, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n á wá jókòó síta máa sọ fún àlejò pé àwọn kò tíì jẹun!”

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi pàápàá ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà kò jẹ́. Lójijì ni ẹ̀rín ìyàwó mi dá. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Èmi ni mo ń bu gàrí náà fún wọn,” ó ní. “Lálaalẹ́. Èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n.”

Ẹkún ni ó fi parí ọ̀rọ̀ náà. Dókítà dìde, ó yí tábìlì ká, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ ti ń gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ó ní òun ni òun kò béèrè dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó fa ìwé tí ó ń kọ ya, ó sì kọjú sí mi.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ oúnjẹ tì. Ohunkóhun tó bá gba ẹnu wọlé lẹ́yìn agogo mẹ́fà, yálà jíjẹ ni, mímu ni, tàbí kẹ́nu má dilẹ̀, tí kì í bá ti ṣe oògùn àti omi díẹ̀ tí ẹ fi gbé e mì, ẹ kà á sí iyán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yẹn yóò fi pé. Ká wò ó.”

Mo kà á sí iyán. Kò rọrùn. A pín oúnjẹ ọ̀sán mi sí ọ̀nà mẹ́rin, díẹ̀díẹ̀, kí ikùn má baà kún. Ṣùgbọ́n láti agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ìfun mi yóò ti máa bá mi ṣe àríyànjiyàn. Ìyàwó mi kò jẹ́ fi ohunkóhun kan ẹnu lójú mi mọ́. Mo rò pé ó ń bá mi gbààwẹ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, mo sì ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà lọ mú àtùpà nílé ìdáná. Mo bá a níbẹ̀ nínú òkùnkùn lórí àpótí, ó ń rọra mu gàrí, ó ń fi ahọ́n pa ẹ̀pà kí n má baà gbọ́ ìró rẹ̀.

Ojú tì mí ju bí ó ti tì mí níwájú dókítà lọ.

“Gbé oúnjẹ rẹ,” mo ní, “kí o wá jókòó sí pálọ̀ kí o jẹ ẹ́.”

Kò dìde. “Bàbá, kí ni ẹ pè é?”

“Oúnjẹ.”

“Ẹ tún un pè.”

“Mo ní oúnjẹ. Ṣé etí rẹ di ni?”

“Etí mi kò di,” ó ní. “Ó pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀ ni.” Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó bá mi lọ sí pálọ̀, ó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mu ún, ẹ̀pà ń dún lẹ́nu rẹ̀ kára kára. Ebi ń pa mí. Mo jókòó tì í títí ó fi mu ún tán.

Àwọn òru díẹ̀ ṣì wà tí omi kíkan náà ń wá, ṣùgbọ́n kì í dé imú mọ́, kò sì tún yà sí ọ̀nà èémí. Ìyàwó mi padà sí fífẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, a padà lọ, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun mi. Ojú ibi tí wọ́n rán ti jiná. Wọn kò là mí mọ́.