Ọjọ́ Tí Bọ̀sẹ̀dé Tàsé

Láàárọ̀ àná, ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi nílé ìdáná. Ó yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì, ó pariwo títí kó tó sinmi. Ìyá rẹ̀ ń bínú, èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí ariwo yẹn ti gbé mi dé Ọ̀kà, ìlú tí mo ti ṣe kékeré, sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, eré tí à ń ṣe níbẹ̀ kò lórúkọ. Ọmọrí agolo ọ̀dà la máa ń jù. A ó dúró létí àpáta, a ó jù ú sí ìdí igi máńgòrò. Láti ibẹ̀, a ó jù ú lọ sí ibi òkúta ńlá kan tó dà bí àgbò tó dùbúlẹ̀, títí a ó fi dé ibi agbọ̀n ògbólógbòó tí a so kọ́ igi ọsàn. Ẹni tí iye ìgbà tó jù ú bá kéré jù kí ọmọrí rẹ̀ tó wọ agbọ̀n, òun ló borí.

Òfin kan ló le. Àwọn ìyá wa a máa sá láfún sórí àpáta náà. Bí ọmọrí rẹ bá bọ́ sínú láfún, eré tìrẹ parí. Wàá jókòó tì í, wàá máa lé ewúrẹ́ títí oníláfún yóò fi dé. Kò sí ewúrẹ́ àdúgbò tí kò mọ̀ mí.

Bọ̀sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ mi, kì í tàsé rárá. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, ará Ìkàrám. Èdè Ìkàrám, tí kì í ṣe Yorùbá, ni wọ́n ń sọ nílé, nítorí náà Yorùbá inú ìwé ni tirẹ̀, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò bínú, ó mọ ibi tí yóò ti gbẹ̀san.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ìhà Èkìtì, nígbà tí gbogbo wa ṣì jẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ̀ ń ti Ìkàrẹ́ bọ̀ wá kó wọn, ìyá rẹ̀ ní kí a ṣeré lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti pinnu pé ìdí agbọ̀n ni n ó ti kí i pé ó dàbọ̀. Jíjù mi àkọ́kọ́, àárín láfún ni! Òfin ni òfin. Mo jókòó, mo ń sunkún, nítorí mo mọ̀ pé yóò máa ju ọmọrí tirẹ̀ lọ títí dé agbọ̀n, ọkọ̀ yóò sì gbé e lọ kí n tó dìde.

Bọ̀sẹ̀dé bọ́ sétí àpáta pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Igi máńgòrò wà lápá òsì. Apá ọ̀tún ló ju tirẹ̀ sí, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nínú láfún. Ó wá jókòó tì mí.

“Ó dà bí ẹni pé mo tàsé,” ló wí.

A jọ ń lé ewúrẹ́ títí a fi gbọ́ fèrè ọkọ̀.

N ò fojú kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Òpó tẹlifóònù ló wà níbi igi máńgòrò báyìí, ilé sì ti gba ìdajì àpáta. Àwọn obìnrin ṣì ń sá láfún sórí ìyókù, àwọn ewúrẹ́ ò sì tíì ronú pìwà dà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bá mi yọ̀ nígbà tí mo borí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Bọ̀sẹ̀dé ni mo máa ń gbàdúrà fún jù: ibi yòówù tó bá wà lónìí, kó má dá jókòó.