Sẹ́ẹ̀lì Tí Àwẹ̀ró Ń Ṣọ́

Gánà ti lo ọdún méjì nínú òmìnira nígbà tí Àwẹ̀ró, ọmọ oníṣòwò kan ní Lagos Town, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Àkrà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó ya àwòrán bí sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò àlùbọ́sà ṣe ń pín sí méjì. Bí kò bá yà á títí di ọjọ́ Ẹtì, kò sí àyè ìwádìí fún un mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àwẹ̀ró fi tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Sẹ́ẹ̀lì ò mira. Ó nu gíláàsì, ó tún iná ṣe, ó rò pé ojú ló ń dun òun. Olùkọ́ ń kọjá, ó ní kó máa wò ó.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Bàbá Bùràímọ̀ tó ń fọ ìgò níbẹ̀ dúró tì í.

"Alákọ̀wé, kí lò ń dúró dè?"

"Mo fẹ́ kó pín ni, Bàbá."

"Háà! Òkú a máa bímọ ni? Ásíìdì ti pa á kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Wá èyí tó kú níbẹ̀rẹ̀ pípín, wá èyí tó kú láàárín rẹ̀, kí o tò wọ́n."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Olùkọ́ rẹ ni, lọ́jọ́ tí mo gbaṣẹ́."

Àwẹ̀ró ya ìpele mẹ́rin kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ yìn ín níwájú gbogbo kíláàsì pé ó ní sùúrù. Àwẹ̀ró ò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́.