Ẹni Tí Màámi Ń Wá Kí Wọ́n Tó Jẹ Oúnjẹ Olúwa

Òórùn kánńfọ̀ ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Kemta ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tó bá ṣáájú Oúnjẹ Olúwa. Màámi á ti ṣí àpótí aṣọ wọn láti àárọ̀, wọ́n á ti yọ ìró àti bùbá funfun tí wọn kì í wọ̀ lọ sí ibòmíràn, wọ́n á sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé kí òórùn náà lè dín kù, kò sì ní dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi sítáàṣì sí gèlè, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi le bíi páálí. Wọn kì í jẹun láti ọ̀sán ọjọ́ náà. Bí o bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní, “Mo ń múra.” Ìmúra ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀: aṣọ, ààwẹ̀, àdúrà, àti apá kan tó ṣe pàtàkì sí wọn ju ìyókù lọ, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Màámi kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa bí ìjà bá wà láàárín àwọn àti ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà mọ bí àwọn ìyá ìjọ wa àtijọ́ ṣe rí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí agogo Ìsìn Ìmúrasílẹ̀ tó lù, wọ́n á da ìborùn bo èjìká, wọ́n á bọ́ sí àdúgbò. Ẹni tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ líle nínú oṣù, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọn kì í jókòó. “Mo wá bẹ̀ ọ́ ni, má bínú, mo fẹ́ lọ síbi tábìlì Olúwa lọ́la.” Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí ẹni náà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọ́n á ti dé ìta. Àdúgbò mọ̀ wọ́n mọ́ ọn débi pé bí wọ́n bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn mìíràn á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Màmá, a ti gbà.” Èmi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò tó ìrìn tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀. Wọ́n á ní kí n ṣọ́ ẹnu mi.

Nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n, a kọ́kọ́ pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á gbàgbé ẹ̀ títí ìkòkò á fi jó. Wọ́n á bu iyọ̀ sínú tíì. Ìgbàgbé náà mú orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ lọ, ó mú ọ̀nà ọjà lọ, nígbà tó yá, ó kàn mí. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ọ̀sì ni mo jẹ́ lójú wọn, wọ́n á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tí mo kó ẹrù mi padà wá sílé nítorí wọn. Ó dùn mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Mo gbé e mì, mo ń se oúnjẹ, mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń ká aṣọ.

Ohun kan ṣoṣo tí ìgbàgbé ò tíì rí mú ni Sátidé yẹn. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọn ò mọ oṣù tí a wà, ṣùgbọ́n àpótí á ti ṣí sílẹ̀ láàárọ̀.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ funfun wà lórí itan wọn, wọn ò sá a, wọn ò lọ̀ ọ́. “Ẹnìkan ń bínú sí mi,” wọ́n ní. Mo bi wọ́n pé ta ni. “N ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣẹ̀ ẹ́, ó sì dùn ún. Mo ti wá a títí nínú orí mi, n ò rí i.” Mo ní kò sí ẹni tó ń bínú sí wọn ní gbogbo Ẹ̀gbá. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọdé tó ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Láti bí oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà ńlẹ̀. Wọ́n á wọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jókòó nígbà tí gbogbo ènìyàn bá dìde lọ síwájú, tí a bá délé, wọ́n á sunkún títí oòrùn á fi wọ̀. Dókítà sì ti sọ fún wa pé ọkàn wọn ti rẹ̀, pé kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa banújẹ́. Gbọ́ ná, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa banújẹ́! Wọn ò bèèrè ẹran lọ́wọ́ mi, wọn ò bèèrè aṣọ. “Sáà jẹ́ kí n rí i jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ,” ni wọ́n ń wí. Òun nìkan ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi, n ò sì mọ ibi tí mo ti fẹ́ mú un.

Mo ní kí a jáde lọ wá ẹni náà. Kí ni ǹ bá tún ṣe? A kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí òun àti Màámi ti bára wọn fa ọ̀rọ̀ gọ́tà rí. Ìyá náà ń ṣa ìrẹsì. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ó ní, “Màmá, gọ́tà tí wọ́n ti fi símẹ́ǹtì bò mọ́lẹ̀? A ti parí ẹ̀ tipẹ́, mà.” Màámi dúpẹ́, wọ́n yí padà sí mi, wọ́n ní, “Òun kọ́.” Báyìí ni a ṣe ń kiri. Gbogbo ibi tí a yà sí, ìdáhùn kan náà ni: kò sí nǹkan kan, Màmá, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Àwọn mìíràn ń wo ojú mi bí ẹni ń bá mi kẹ́dùn. Oòrùn ń mú, ẹsẹ̀ Màámi ti ń wú, wọn ò sì gbà kí a padà sílé.

Mo wá fà sẹ́yìn díẹ̀, mo pe ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù. Alhaja ni wọ́n, wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, láti ìgbà ọmọge ni àwọn àti Màámi ti jọ ń bọ̀. Mo ní, “Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà gbà pé ẹ̀yin ni. Ẹ ní ẹ ti fi í sílẹ̀.” Wọ́n ní, “Ṣé kí n purọ́ fún ọ̀rẹ́ mi lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rẹ̀?” Mo ní ẹ ṣàánú mi, mà. Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ẹ máa bọ̀.”

A wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ìtòkú. Òórùn aró gba gbogbo ọ̀nà tóóró yẹn, aṣọ rọ̀ sókè rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Alhaja jókòó sáàárín aṣọ wọn. Màámi kí wọn kú ọjà, wọ́n ní àwọn wá bẹ̀bẹ̀. Alhaja gbójú sílẹ̀, wọ́n ní, “Lóòótọ́ ni mò ń bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n mo ti fi í sílẹ̀, ó ti tán.” Ara mi balẹ̀. Àfi bí Màámi ṣe bi wọ́n pé, “Kí ni mo ṣe fún ọ?”

Alhaja wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. N ò ronú débẹ̀ yẹn. “O ò kí mi nígbà Iléyá,” ni wọ́n rí sọ.

Màámi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, irú èyí tí n ò ti gbọ́ láti ìgbà pípẹ́. “Ìwọ yìí? Bí n ò bá kí ọ, ṣé o ò ní wá ká mi mọ́lé kí o gba ẹran rẹ padà ni? Wọ́n bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ ni.” Alhaja fi etí ìborùn nu ojú, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ yìí ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.” Màámi fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ní kò sí wàhálà, ẹni náà ò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ṣé o rí i, wọn ò rántí orúkọ mi, ṣùgbọ́n irọ́ ò lè gba iwájú wọn kọjá.

Ní Ìsìn Ìmúrasílẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo fọ̀ràn lọ àlùfáà wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, onísùúrù. Ó wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màámi, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní, “Màmá, Ọlọ́run mọ ohun tí ẹ gbàgbé. Ó ti dárí ẹ̀ jì yín.”

“Ọlọ́run mọ̀ ọ́n,” Màámi ní. “Ẹni yẹn náà mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni n ò mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sì ṣe é. Ǹjẹ́ ó dáa kí n lọ jẹun níwájú ẹ̀?”

Àlùfáà sáà ń fọwọ́ ra ọwọ́ wọn. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Màámi, kí n má parọ́, inú bí mi sí Ọlọ́run pàápàá, pé Ó gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ obìnrin yìí, Ó wá fi èyí tó ń dùn wọ́n sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo bí àwọn tó kù ṣe ń gbàdúrà, mo kàn jókòó ni.

Ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Mo wọ aṣọ funfun fún wọn, mo wé gèlè, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Aké. A jókòó sí àga tí a máa ń jókòó sí. Nígbà tó kan jíjẹ Oúnjẹ Olúwa, ọkùnrin tó ń tọ́ èrò sọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlà sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wò wá, mo mi orí, ó kọjá. Àwọn ènìyàn ń gba iwájú wa lọ, aṣọ wọn ń kan orúnkún wa. Èmi náà ò dìde. Ibo ni mo fẹ́ fi wọ́n sí kí n lọ? Mo sáà ń wo iwájú, ojú mi le koko.

Ni mo bá rí i pé Màámi ń wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n tẹ orí mọ́lẹ̀ sí mi díẹ̀, bí a ti ń ṣe fún àlejò tí a bọ̀wọ̀ fún, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ti ń tẹ̀lé mi kiri láti àná, inú yín ò sì dùn. Ṣé ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀?”

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo fẹ́ sọ pé, Màámi, èmi ọmọ yín ni. Ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn, kò sì wúlò fún nǹkan kan. Mo ní, “Èmi ni, mà.”

“Kí ni mo ṣe fún yín?”

Kò sí ọ̀rọ̀ Iléyá tí mo lè hùmọ̀ bíi ti Alhaja. Mo ní, “Ẹ gbàgbé mi, mà.”

Wọ́n pa ojú dé. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n di ẹ̀yìn àga iwájú mú, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, orúnkún tí kò lè tẹ̀ mọ́. Mo yára gbá wọn mú lápá. Ìyá tó bí mi ń wá ilẹ̀ láti kúnlẹ̀ fún mi nínú ilé Ọlọ́run, o lè rò ó bó ṣe rí lára mi. “Ẹ má bínú,” wọ́n ní sí mi létí. “N ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.”

Mo ní mo ti fi í sílẹ̀. Mo ní mo ti dárí ẹ̀ jì wọ́n. Wọ́n mí, gbogbo ara wọn ló mí, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ.” Àwa la lọ kẹ́yìn. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ gba ìgbọ́wọ́lé, wọ́n gbà á, wọ́n jẹ ẹ́. Wọn ò sunkún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo lọ sunkún nínú ilé ìdáná.

Àwọn kan tí mo sọ fún ní mo fi ọgbọ́n tu ìyá mi nínú. Ẹ̀tàn kọ́ o. Òótọ́ ni mo sọ. Gbogbo bí mo ṣe ń mú wọn kiri Kemta dé Ìtòkú, tí mò ń bá wọn wá ẹni tó ń bínú, èmi tí mo di ọwọ́ wọn mú ni mò ń bínú, mo sì rò pé mo ti gbé e mì. N ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n má rò pé ó tán síbẹ̀. Ní oṣù kejì, wọ́n ti gbàgbé pé a ti parí ẹ̀, wọ́n tún gbé aṣọ sórí itan. Mo tún ní èmi ni. Ní oṣù kẹta bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ẹnu mi á ti sọ pé mo ti fi í sílẹ̀, tí ọkàn mi ò tíì dé ibẹ̀, nítorí pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Ní báyìí, wọn ò mọ Sátidé mọ́. Àpótí kì í ṣí. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àlùfáà ló ń gbé Oúnjẹ Olúwa wá bá wọn nílé. Ṣùgbọ́n èmi kò lè lọ síbi tábìlì yẹn mọ́ láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń gbé àpótí ìjókòó síwájú wọn, màá dúró títí màá fi rí i pé òótọ́ ni lọ́kàn mi, ó máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, màá wá sọ ọ́ fún wọn: “Mo ti fi í sílẹ̀, Màámi.” Wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí yìí, wọ́n á ní, “Ẹ ṣé o, mà.”