Ilẹ̀kùn Tó Ń Há ní Abà Olóbì

Nọ́ọ̀sì Fàsílátù ti kú. Bíìmù kọnkéré tó gba orí yàrá ìgbẹ̀bí kọjá ló gé lé e lórí lọ́sàn-án gangan, ní ilé ìwòsàn Abà Olóbì, létí ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè: ṣé Ọlọ́run ló po kọnkéré náà?

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, a máa sọ̀rọ̀ bíi pé ó ń bá èèyàn jà, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ ló fẹ́ kí onítọ̀hún jẹ. Tí ọlọ́kadà bá gbé aboyún dé, ọlọ́kadà ni yóò kọ́kọ́ bú pé ó sáré jù, lẹ́yìn náà ni yóò bu omi tútù fún un. Omi gbóná kì í tán nínú fúláàsì rẹ̀. Àbúrò mi Afeezat wà lára àwọn tó gbẹ̀bí fún, òun sì ni ó gbẹ̀bí fún kẹ́yìn.

Láti ìgbà òjò èṣí ni ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí ti ń há. Wọ́n pe Ọ̀ṣúnkúnlé káfíńtà, ó fi ìfági fá a lórí, ó ṣí. Kò pẹ́, ó tún há. Ọ̀ṣúnkúnlé tún wá, ó tún fá a, títí orí ilẹ̀kùn náà fi rí wọ́gọwọ̀gọ. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà ń ṣe wàhálà. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo ohun tó ń tẹ férémù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fàsílátù lọ bá Alhaji Múrítàlá, alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn náà, ẹni tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Abidjan. Ó ní, "Alhaji, ilẹ̀kùn yìí ń bà mí lẹ́rù. Tó bá há mọ́ aboyún lórí ńkọ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní òjò ló jẹ́ kí pákó wú. Ó fi Faransé tù ú nínú: "Sà fà alé, Nọ́ọ̀sì." Yóò dára, ìyẹn ni. Fàsílátù sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ní agbègbè Ẹ̀jìgbò tí Iléyá bá ń bọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Abidjan ń bọ̀ wálé, ohun tí wọ́n kọ́ fún ìlú, bí ilé ìwòsàn yìí, sì gbọ́dọ̀ funfun kí wọ́n tó dé. Níbi tí bíìmù yẹn ti jókòó lórí òpó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ti sán. Ìlà ìdagun, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni, ó gba orí òpó lọ sókè. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fi símẹ́ǹtì dí i, kí wọ́n kun ọ̀dà sí i. Wọ́n tún gbé táńkì omi ńlá gun orí dẹ́kì, òrùlé kọnkéré náà, kí orúkọ àwọn tó fi tọrẹ lè hàn láti ojú títì. Wọ́n wá ya fídíò ránṣẹ́ sí Abidjan. Mo ti wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi. Fàsílátù ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í, ó rọrùn wẹ́rẹ́, torí wọ́n ti fá a láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lókè orí rẹ̀, ọ̀dà tuntun funfun ju ibi yòókù lọ, ó sì dagun.

Ẹnjiníà Ọláwálé, tó wá wo àwókù náà, ṣàlàyé fún mi. Irin gbọọrọ inú bíìmù náà pé. Irin ríìngì, tó yẹ kó yí wọn ká, ni wọn kò fi sí i létí òpó, níbi tó ti yẹ kó ṣù pọ̀ jù. Ó ní bíìmù tó bá fẹ́ tẹ̀ láàárín máa ń kọ́kọ́ sọ̀, ojú á rí i, èèyàn á sá. Ṣùgbọ́n létí òpó, ẹrù ń tì í sísàlẹ̀, òpó ń tì í sókè, bí ẹnu méjèèjì àlùmọ́gàjí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń gé. Ìlà ìdagun yẹn, àti férémù ilẹ̀kùn tí bíìmù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, nìkan ni ìkìlọ̀ tó ṣe.

Afeezat ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tán lọ́jọ́ náà, omi ń wọ inú táńkì. Ó ní òun gbọ́ nǹkan tó ń ya lókè, erùpẹ̀ sì bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Fàsílátù sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò mì. Ó gbé ọmọ gba ojú fèrèsé fún àwọn obìnrin tó wà níta, ó sì ti ìyá ọmọ náà jáde. Ó ní, "Má wẹ̀yìn. Di ọwọ́ wọn mú." Afeezat wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí Fàsílátù láti ojú fèrèsé, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí dẹ́kì wó.

Ta wá ni wọ́n mú? Ọ̀ṣúnkúnlé káfíńtà. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Kọńtírátọ̀ tó yọ ríìngì sílẹ̀ ńkọ́? Ó wá kí ilé òkú. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé bíìmù náà dára kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó ńkọ́, ṣé ó tilẹ̀ débẹ̀? Wọ́n ní àwọn máa fi orúkọ Fàsílátù sọ ilé tuntun. Ẹ ṣeun o. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò.

Nítorí ilé tó wó yẹn ní ìkejì. Kọńtírátọ̀ kan náà, àwòrán kan náà, táńkì wà lórí òun náà, ilé ìwòsàn tó wà lọ́nà Ìsúndunrin ni. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà níbẹ̀, Ummuhani lorúkọ rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, kò lọ. Ó sì fi ọ̀yàyà ké sí mi láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ẹ fi èjìká tì í díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òjò ló jẹ́ kó wú."

Mo fẹ́ kí kọńtírátọ̀ náà, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti Alhaji Múrítàlá wá síwájú gbogbo ìlú wá sọ tẹnu wọn, kí wọ́n sì jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè di ọ̀la. Lónìí, àwọn aboyún jókòó sábẹ́ bíìmù ti ọ̀nà Ìsúndunrin. Ẹ má pe káfíńtà. Ẹ kó wọn jáde.